Ọkùnrin Tó Ń Sùn ní Òdìkejì Ilé Ìyá Rẹ̀

Ní gbogbo ìgbà òtútù yẹn, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Neville Wray á fọ abọ́ tí òun àti ìyá rẹ̀ fi jẹun, á nu ọwọ́ gbẹ, á fi ẹnu kan ìyá náà níwájú orí, á sì jáde. Kì í lọ jìnnà. Á sọdá títì sí ilé tó kọjú sí tiwọn, ilé àlejò Glenda Tranmer, á yọ kọ́kọ́rọ́, á wọlé. Kò ní pẹ́ tí iná á fi tàn ní yàrá òkè lápá òsì. Enid, ìyá rẹ̀, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún dáadáa, á máa wo iná náà láti orí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Á mirí, á ní kí wọ́n bá òun fa kọ́tìnì.

Àwa ará òpópónà náà kò dákẹ́. Ní Bridlington, ìlú wa létí òkun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí àwọn àlejò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá ti lọ tán, òkun àti ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nìkan ló ń kù fún wa. Àwọn kan ní ìyá àti ọmọ ti jà. Àwọn mìíràn rántí pé opó ni Glenda, wọ́n sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Owó orí ló lé ọkùnrin náà kúrò nílé ìyá rẹ̀.

Inú ilé yẹn ni wọ́n bí i sí. Alákàn ni baba rẹ̀ ń pa lókun, orí ibùsùn ló sì kú sí, èyí tí apẹja lè fi yangàn. Neville kò tíì hu irùngbọ̀n tó fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní èbúté. Nígbà tó yá, ó di ọ̀gá nínú àwọn ọkọ̀ kékeré alágbára tó ń fa ọkọ̀ ńláńlá wọlé. Iṣẹ́ náà bá a lára mu: ọkọ̀ kékeré, ọkọ̀ ńlá, okùn láàárín, kí ẹnikẹ́ni má sì pariwo. Ó gbéyàwó, wọn kò bímọ, wọ́n pín gààrí. Ọdún tí wọ́n pín gààrí ló gba iṣẹ́ ní Sohar, èbúté kan ní ilẹ̀ Oman, níbi tí oòrùn ti ń yan irin ọkọ̀ títí ènìyàn kò fi lè fọwọ́ kàn án. Oṣù kan iṣẹ́, oṣù kan ìsinmi. Owó wọn dára, wọn kì í sì í gba owó orí lórí owó oṣù níbẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú kò gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá lọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè, ohun tó pa níbẹ̀ tirẹ̀ ni, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá kà á mọ́ olùgbé ilẹ̀ náà. Bí wọ́n ṣe ń mọ olùgbé ni pé wọ́n ń ka alẹ́. Alẹ́ tí ọ̀gànjọ́ bá bá ọ nínú ìlú, wọ́n kà á sí ọ lọ́rùn. Lẹ́yìn náà wọ́n á ka okùn. Ìyàwó tó wà nílé, okùn ni. Ọmọ kékeré, okùn. Iṣẹ́ tí o ń yọ́ ṣe bí o bá wálé, okùn. Bí o bá ti pẹ́ nílé jù lọ́dún tó kọjá, okùn nìyẹn náà. Ibùsùn tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dè ọ́, okùn. Bí okùn bá ṣe pọ̀ tó ni alẹ́ tí wọ́n fún ọ á ṣe kéré tó. Ọdún tí wọ́n fi ń kà á kì í sì í bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní bíi ti gbogbo ayé. Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ló ń bẹ̀rẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òfin yìí kò dí Neville lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ń lò nílé lọ́dún, á kun fèrèsé fún ìyá rẹ̀, á jẹ ẹja díndín àti ànàmọ́ nínú bébà, á máa lọ. Ìyókù ìsinmi rẹ̀, erékùṣù Cyprus ló ń lò ó sí, ó ń ka ìwé ogun.

Ìgbà tí Enid ṣubú nílé ìdáná ni nǹkan yí padà. Egungun ìbàdí dá, ó jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbọ́ràn mọ́, ọkàn rẹ̀ náà kò sì lágbára mọ́. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n wá ilé ìtọ́jú arúgbó fún un. Enid ní òun ti lọ kí àwọn ọ̀rẹ́ òun níbẹ̀, òun sì ti rí bí wọ́n ṣe ń tò wọ́n yí tẹlifíṣọ̀n ká bí ìkòkò òdòdó. Ó bẹ ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo: kí òun kú sínú ilé òun.

Neville ṣèlérí. Ó gba obìnrin kan, Shirley Boyes, tó ń bá Enid gbé, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń gbé e dìde, tó ń sùn sí yàrá tí Neville gbé dàgbà. Irú olùtọ́jú bẹ́ẹ̀ wọ́n. Owó Oman ló ń san án, kò sì sí owó mìíràn tó lè san án. Neville wá ń wálé ní gbogbo oṣù ìsinmi. Ọdún kìíní kọjá, ó ti pẹ́ nílé jù. Okùn kan ti kọ́ ọ lọ́rùn. Oníṣirò owó rẹ̀, Nasreen Akhtar, ọ̀dọ́bìnrin kan nílùú Hull, kìlọ̀ fún un pé okùn kan kò burú, ó ṣì ní alẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí wọ́n rí ìkejì. Ó ní ilé ìyá kì í ṣe okùn bí ènìyàn bá sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì lé lọ́jọ́ kan lọ́dún, ó di okùn. Kí ó máa sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọjọ́ tí Neville ṣàlàyé èyí fún ìyá rẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, mo mú àwo kéèkì wá dá padà.

"Ìjọba wo ló ń ka oorun ọmọ ènìyàn?" ni Enid bi í.

"Ìjọba tiwa ni, Màmá."

"Wọ́n ń wá wò ọ́ lórí ibùsùn ni?"

"Wọn kì í wá. Èmi ni mo ń kà á fún wọn."

"O wá ń kà á fún wọn." Ó yí ojú sí mi. "Baba rẹ̀ kò ka alákàn kan ṣoṣo fún wọn rí títí ó fi kú."

Bẹ́ẹ̀ ni Neville ṣe gba yàrá lọ́dọ̀ Glenda. Ọmọ kíláàsì kan náà ni wọ́n, obìnrin náà kò sì fojú àlejò wò ó rí. Bí ó bá ti sọdá títì dé, Glenda á dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìnuwọ́ léjìká, á bi í bóyá ìrìn àjò náà dára, bóyá òkun ru. Á ní òun mọ̀ pé ọ̀nà jìn, kí ó jókòó, tíì ti délẹ̀. Láàárọ̀, á din ẹyin fún un kí ó tó padà sílé ìyá rẹ̀, níbi tí Shirley náà ti ń din ẹyin. Ó ń jẹ méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má bínú. Ó sanra lọ́dún náà.

Nígbà tí ewé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, ó dá a lábàá pé kí òun máa fi ẹrù òun sílẹ̀ bí òun bá ń lọ Oman. Gbígbé àpótí lọ bọ̀ ti sú u. Glenda ní kò sí wàhálà, ta ló ń wá Bridlington nínú yìnyín? Ó ń fún Glenda ní owó díẹ̀ lóṣù tí kò bá sí nílé, kí ó má baà pàdánù. Glenda fi ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn. Ìgbà kan, ọkùnrin kan tó wá tún òpó iná ṣe fẹ́ gba yàrá náà nítorí pé láti ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti lè rí òkun. Glenda ní ẹni tó ni ín ti rìnrìn àjò. Ó ń pààrọ̀ aṣọ ibùsùn bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ sùn lé e. Bí Neville bá ń bọ̀ lọ́la, á gbé ike omi gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

Oṣù kejì ni Neville lọ rí Nasreen ní Hull. Ìsinmi rẹ̀ ku ọ̀sẹ̀ kan àtààbọ̀. Dókítà ti wá wo Enid láàárín ọ̀sẹ̀ náà, ó sì bá Neville sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọkàn ìyá náà ń daṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀, ó lè jẹ́ oṣù, òun kò ní ṣèlérí oṣù kẹrin fún ẹnikẹ́ni.

Neville fẹ́ mọ iye alẹ́ tó kù fún òun. Nasreen wọ kóòtù nínú ọ́fíìsì nítorí ẹ̀rọ amúlégbóná wọn bàjẹ́. Ó ń bi í léèrè ohun tó máa ń bi í tẹ́lẹ̀, Neville sì ń dáhùn. Ẹnu ọ̀nà ni Neville fẹ́rẹ̀ẹ́ dé nígbà tó bi í ní ìkan sí i.

"Ọ̀gá Wray, nígbà tí ẹ bá wà ní Oman, ta ló ń sùn sí yàrá yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀. Glenda ò gbà fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹrù yín ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀. Bàtà, ẹ̀wù, rédíò mi."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tí ewé ti ń rẹ̀." Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rò pé ó ń sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òun.

Nasreen gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní kí ó padà wá jókòó.

"Hòtẹ́ẹ̀lì ni mo ní kẹ́ ẹ máa sùn," ni ó wí. "Èyí tí ẹ sọ yìí, ilé ni."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ jẹ́jẹ́. Àlejò tó bá gba yàrá, tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, tí ẹlòmíràn lè gbà á lọ́jọ́ kejì, ìyẹn kì í ṣe okùn. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n bá fi pamọ́ fún ènìyàn fún oṣù mẹ́ta láìjẹ́ kí ẹlòmíràn wọ̀ ọ́, ì báà sanwó, ì báà má san án, ibùgbé rẹ̀ ni. Okùn kejì nìyẹn. Fún olókùn méjì, alẹ́ Neville ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí ó bá kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, tí kò sì padà títí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin, nǹkan kan kò bàjẹ́. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, olùgbé ni, wọn yóò sì gba owó orí lórí gbogbo ohun tó ti pa lọ́dún náà.

Neville béèrè bóyá òfin kò ní àánú fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ.

"Ó ní àánú fún ohun òjijì," ni Nasreen wí. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ọjọ́ ogbó kì í ṣe òjijì. A lè bá wọn jiyàn, ọ̀gá. Mi ò lè ṣèlérí."

Nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń padà, ó jókòó sápá tí kò kọjú sí òkun. Ó mọ ohun tí owó orí náà túmọ̀ sí. Ohun tó fi pamọ́ fún owó Shirley títí di òpin ọdún ni. Bí wọ́n bá gbà á, Shirley á lọ, ilé ìtọ́jú arúgbó á sì gba Enid. Bí òun bá sì lọ, Shirley á wà, ilé á wà, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí Enid má sí nínú rẹ̀ nígbà tí òun bá dé.

Glenda ni Neville kọ́kọ́ sọ fún. Obìnrin náà ń bó ànàmọ́. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, ó sì ń bó ànàmọ́ lọ.

"Ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?"

"Rárá. Èmi ni."

"Mo kàn fẹ́ kí ibùsùn rẹ gbóná ni."

"Mo mọ̀."

"Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá ti da ẹrù rẹ sí títì."

"Ohun tó yẹ kó o ṣe gan-an nìyẹn."

"Ó ti ń wù mí láti ìgbà tá a ti wà níléèwé," ni Glenda wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà Glenda fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní òórùn àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà kankan nínú ilé.

Ní òwúrọ̀, Neville sọ fún Enid. Ìyá náà gbọ́ ọ pẹ̀lú ojú ní pípadé, tó bẹ́ẹ̀ tí Neville rò pé ó ti sùn.

"Lọ," ni Enid wí.

"Màmá, dókítà ní..."

"Mo gbọ́ ohun tí dókítà wí. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń sọ̀rọ̀, etí mi kò tíì di." Ó la ojú. "Kí ni mo bẹ̀ ọ́ fún? Mo ní kí n kú sílé mi. Mi ò ní kó o wá wò mí bí mo ṣe ń kú. Shirley á wà níbẹ̀. Máa lọ sí Dublin nílẹ̀ Ireland tàbí ibikíbi tó o bá fẹ́, kó o padà bí wọ́n bá parí ìṣirò wọn."

Neville ní ó dáa. Ó ti mọ̀ láti kékeré pé a kì í bá obìnrin náà jiyàn kí oúnjẹ àárọ̀ tó parí. Ó sọdá títì, ó kó bàtà, ẹ̀wù àti rédíò sínú àpótí. Glenda tú aṣọ ibùsùn ká lójú rẹ̀. Ní ọ̀sán, ó gbé àpótí padà sílé ìyá rẹ̀ láti dágbére. Ọkọ̀ ojú irin tó fẹ́ wọ̀ máa ń lọ kí iná títì tó tàn.

Enid ti sùn lórí àga. Orí rẹ̀ wọ́ sápá kan. Shirley kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra ti ìrọ̀rí sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Enid kò jí, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ wá ọwọ́ Shirley kiri lójú oorun, ó rí i, ó dì í mú. Shirley wo Neville. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Kò lè fa ọwọ́ yọ, nítorí náà ó dúró bẹ́ẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀.

Neville gbé àpótí kalẹ̀. Ó fa àga kan, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó gba ọwọ́ náà lọ́wọ́ Shirley láìjẹ́ kí ìyá rẹ̀ jí, ó sì jókòó. Ọkọ̀ ojú irin lọ. Iná títì tàn.

Nígbà tí Enid la ojú, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àpótí.

"O ò tíì lọ."

"Mi ò lọ mọ́, Màmá."

"Shirley ńkọ́?"

Ó sọ fún un pé owó Shirley kò ní kọjá oṣù kẹta. Ó ní òun á pe àwọn ará Sohar lọ́la láti fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn. Òun á wà nílé. Ohun tí Shirley ń ṣe, òun á máa ṣe é. Enid kò ní lọ sí ibì kankan.

Ìyá náà fa bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ẹsẹ̀.

"Ta ni yóò máa wẹ̀ mí?"

"Èmi."

"Kò ní ṣẹlẹ̀."

"Màmá, mo ti wẹ ọkọ̀ tó tóbi jù yín lọ."

"Ọkọ̀ kò bí ọ. Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀, Neville. Mo lè lọ sí ilé ìkòkò òdòdó yẹn lọ́la kí ọmọkùnrin mi tó rí ìhòòhò mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ló gba ọjọ́ púpọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀. Owó orí, Nasreen bá a ṣe é, wọ́n san án, ó dùn wọ́n, ó tán. Sohar fi ohùn tó dára dágbére fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwẹ̀, Enid kò yí padà. Neville bẹ̀ ẹ́. Shirley bẹ̀ ẹ́. Pásítọ̀ wá, ó mu tíì, ó rí ojú Enid, kò sọ ohun tó bá wá. Òpin oṣù kẹta ń bọ̀, kò sì sí ẹni tó mọ ọ̀nà àbáyọ.

Glenda ló sọdá títì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, pẹ̀lú aṣọ ìnura méjì lábẹ́ abíyá. Ó ní òun fẹ́ bá Ìyá Wray sọ̀rọ̀, kí àwọn ọkùnrin jáde. Neville nìkan ni ọkùnrin tó wà níbẹ̀. Ó jáde, ó dúró létí òkun nínú atẹ́gùn. Nígbà tó padà, irun ìyá rẹ̀ tutù, wọ́n ti yà á sọ́tùn-ún.

"Ó ní ọwọ́ líle," ni Enid wí. "Ṣùgbọ́n ó mọ bí a ṣe ń nu ẹsẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pín in. Glenda ń wá láàárọ̀ fún ìwẹ̀, kò gba owó. Ìyókù jẹ́ ti Neville: oúnjẹ, oògùn, gbígbé dìde, bíbá a jà lórí iyọ̀. Shirley rí iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú kan, ó sì ń wá jẹ kéèkì ní ọjọ́ Ẹtì. Neville ń sùn sí yàrá tó gbé dàgbà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ kúrò lórí ibùsùn.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin dé, ó kọjá. Enid kò kú. Oṣù karùn-ún, kò kú. Ní ilé tí a ti ń ra ẹja díndín, ẹnì kan sọ ọ́ létí Neville pé ká ní ó lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ì bá padà bá ìyá rẹ̀, ì bá ní owó rẹ̀, ì bá ní iṣẹ́ rẹ̀. Neville ní òun mọ̀. Ó bu ọtí kíkan sórí ànàmọ́, ó sì gbé e lọ sílé kí ó tó tutù.

Enid náà ti ro ó. Ìrọ̀lẹ́ kan tí mo wà níbẹ̀, ó sọ ọ́ láìyí ojú kúrò lára fèrèsé.

"Ò bá ti lọ, ò bá ti padà dé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo sì ní kó o lọ."

"Ẹ sọ ọ́."

"Òmùgọ̀ ni baba rẹ náà." Ó na ọwọ́ gba ife tíì. "Ṣúgà inú rẹ̀ kéré."

Ó lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn tán. Ó kú ní ọ̀sán kan ní oṣù kẹsàn-án, lórí àga rẹ̀. Neville wà nílé ìdáná, ó ń gé búrẹ́dì, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀. Ó tó ìgbà díẹ̀ kí ó tó mọ̀ pé òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ó jáde wá, ó rí i, ó jókòó. Kò pe ẹnikẹ́ni títí tíì tó ti pò fún un fi tutù.